Ẹ̀jẹ̀ Tí A Kò Rí

Ẹ bá mi gbé ọpẹ́ fún Ọlọ́run tó mú mi dúró síwájú yín lónìí láìwọ aṣọ ọ̀fọ̀. Èmi ni ìyá Tóyìn. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, torí ẹ̀rí yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń jẹ́ ẹ.

Ti àkọ́kọ́, ẹ̀yin náà bá mi jó o. Ọkọ mi ń bọ̀ láti Ibefun lórí ọ̀kadà, kò dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kadà kó sí kòtò, ó sì forí gbá títì. Ó dìde, ó gbọn eruku sòkòtò rẹ̀, ó wálé. A yẹ orí wò, kò bó, ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Òun fúnra rẹ̀ ní orí òun le ju títì ìjọba lọ, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ìsinmi, a jó dé iwájú pẹpẹ. Bí a ṣe ń jó lọ ló ń fọwọ́ di etí. Mo rò pé ariwo ẹ̀rọ ni.

Láti ìgbà náà ni ilé mi ti dàrú. Orí fífọ́ kò lọ. Ó ń bì, a ní ibà ni, a ra oògùn ní kẹ́míìsì. Ó wá ń sùn lọ́sàn-án bí ọmọ tuntun, ó ń da iyọ̀ sínú tíì. Tíṣà tí kì í pariwo mọ́ ọmọ ilé ìwé, òun ló ju àpótí lù mí torí mo ní kó wá jẹun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dé láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ó ní òun lòun yóò máa se oúnjẹ àbúrò òun báyìí. Ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ń lọ. Mo ń gbààwẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ gbàdúrà ìtúsílẹ̀ fún un, wọ́n ní ọ̀tá ilé ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣubú ní balùwẹ̀, kò lè gbé apá ọ̀tún mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí náà ló bá mi gbé e wọ kẹ̀kẹ́. Ní ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò inú orí rẹ̀. Dókítà tọ́ka síbi tí ẹ̀jẹ̀ sun jọ sí, tó ń ti ọpọlọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Mọ́mì, ẹ̀jẹ̀ yìí ti ń sun díẹ̀díẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti forí gbálẹ̀.”

Ẹ̀jẹ̀ tí a jó pé kò jáde, inú ló wà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di etí ìró mi mú.

“Ìyàwó mi, má bínú sí mi.”

Kò sáyè ìbínú. Wọ́n lu ihò sí agbárí rẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà. Àdúrà tí mo gbà níta yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ọlọ́run gbọ́ ọ.

Ó yè. Ògo ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ n kò ní purọ́ níwájú pẹpẹ: kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló padà wá. Kò lè kọ́ ọmọ mọ́. Ó mọ ojú yín, orúkọ ni kì í rántí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró níwájú rẹ̀ kẹ́ ẹ ní, “Tíṣà, ta ni mí?” Ẹ sọ orúkọ yín kẹ́ ẹ tó kí i. Ẹni tó bá sì forí gbálẹ̀, tó ń bì, tí oorun rẹ̀ pọ̀ jù, tí ìwà tàbí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yí padà, ẹ má sọ pé ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Ẹ gbé e lọ sọ́sibítù, kẹ́ ẹ máa gbàdúrà lọ nínú kẹ̀kẹ́.

Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ó bi mí pé ẹ̀rí ta la ń lọ gbọ́. Mo ní ti ọkùnrin kan tí Ọlọ́run yọ lọ́wọ́ ikú ni. Ó dáhùn pé:

“Bá mi kí i o. Ó kú ewu.”

Ẹ̀yin ará, òun ló jókòó síbẹ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ dìde, ẹ bá mi jó lọ bá a. Mo fẹ́ lọ jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi.