Àgbo Tí A Kò Pè Lọ́tí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí n dúró níwájú yín láàárọ̀ yìí. Ẹ bá mi yin Olúwa, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra yìn ín. Ẹ̀yin onílù, ẹ má bínú, ẹ fọwọ́ lélẹ̀ díẹ̀. Màá sọ ìdí rẹ̀ kí n tó jókòó.

Èmi ni Ìyá Bọ́sẹ̀ tó ń ta gàrí lọ́jà Sakété. Ẹ mọ Bọ́sẹ̀ ọmọ mi náà dáadáa, torí ó ti dà yín láàmú tó. Tí ìyìn bá ti bẹ̀rẹ̀, tí fèrè bá dún, tí gbogbo wa bá pariwo Alelúyà, ọmọ yìí á di etí, á ké, á wó lulẹ̀, á máa tasẹ̀. Kí la máa ń sọ? Pé ẹ̀mí burúkú inú rẹ̀ ni kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Jésù. La bá tún yí i ká, la bá pariwo lé e lórí. Bí a ṣe ń pariwo, bẹ́ẹ̀ ló ń ké sí i. Háà, ẹ̀yin ará mi!

Nílé ńkọ́? Ohun tí mo bá kọ́ ọ láàárọ̀, ó ti gbàgbé rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Màá ní kó pọnmi, kó gbálẹ̀, kó kó ọmọ ẹran wọlé, ẹran nìkan ló máa rántí, á sì bá ẹran lọ. Mètírẹ́sì tó ń kọ́ ọ níléèwé ní kí n mú un jókòó sílé. Mo nà án títí apá fi ń ro mí. Mo gbààwẹ̀, mo ń sunkún pé, "Olúwa, yí ọmọ yìí padà fún mi."

Ìyá ọkọ mi ní Aguidi fẹ́ràn Bọ́sẹ̀ bí ojú. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn wọ́n. Àwọn ló wá ilé àdúrà kan rí, lójú ọ̀nà oko, níbi tí wọ́n ti ń so irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọn kì í fún un lóúnjẹ títí ẹ̀mí náà á fi jáde. Ọkọ mi gbà. Mo ti di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì. Ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní padà wá láàyè, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí, mi ò lè jiyàn mọ́.

Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti dá sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, ibà gbé Bọ́sẹ̀ ṣánlẹ̀. Mo gbé e sórí ọ̀kadà, ó di ọpitáàlì. Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ń wo ojú rẹ̀ ṣáá, ó sì rí bó ṣe ń di etí tí ọ̀kadà bá kọjá níta. Ó wá bi mí pé, "Ìyá, nígbà tí ẹ lóyún rẹ̀, ṣé ẹ mu ọtí?"

Inú bí mi! Mo ní, "Èmi? Ọmọ ìjọ ni mí. Ọtí ò kan ẹnu mi rí."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Àgbo ńkọ́?"

Mo ní àgbo kẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Egbò igi tí ìyá ọkọ mi rẹ sínú sódábì, ògógóró ibí wa, ni, ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́, kí ọmọ lè lágbára. Ta ló ń pe ìyẹn lọ́tí láàárín wa níbí?

Mo jẹ́wọ́ ti ilé àdúrà náà fún un. Ó ní ká má gbé e lọ síbẹ̀, ó rán wa lọ sí ọpitáàlì ńlá ní Àjàṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti là á yé wa pé kì í ṣe ẹ̀mí, kì í sì ṣe oríkunkun. Sódábì inú àgbo yẹn ló ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ nínú oyún. Wọ́n ní kò sí oògùn tó lè tún un ṣe, àmọ́ èèyàn lè ràn án lọ́wọ́. Wọ́n ní ariwo máa ń dun irú ọmọ bẹ́ẹ̀ létí bí ìgbà tí wọ́n bá ń gún un ní nǹkan. Mo rántí bí a ṣe máa ń yí i ká níbí.

Wọ́n júwe ẹgbẹ́ àwọn òbí kan fún wa ní Pọbẹ̀, tí ọmọ wọn rí bíi tèmi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, obìnrin kan ń sọ̀rọ̀ ọmọ tiẹ̀, mo rò pé Bọ́sẹ̀ ló ń sọ. Mo sunkún, wọ́n jẹ́ kí n sun ún tẹ́rùn. Wọ́n kọ́ mi kí n máa rán an níṣẹ́ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kí n fọwọ́ ṣe é hàn án, kí n má pariwo. Wọ́n bá mi lọ rí mètírẹ́sì, ó sì ti gbà á padà.

Ó wá ku ìyá ọkọ mi. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ náà bá mi lọ sí Aguidi. Nígbà tí a sọ ọ́ tán, ìyá tẹ́ ọwọ́ wọn méjèèjì, wọ́n ń wò ó. Wọ́n wá ní, "Ọwọ́ ara mi yìí ni mo fi rẹ ẹ́?" Mo dì mọ́ wọn. Mo ní, "Ìyá, ẹ fẹ́ kó lágbára ni." Láti ọjọ́ náà, ìyàwó kékeré tó bá lóyún ní Aguidi, wọ́n á lọ bá a nílé, wọ́n á ní, "Omi ni kó o fi se egbò rẹ, ọmọ mi. Omi!"

Bọ́sẹ̀ ṣì ń gbàgbé, ará. N kò ní purọ́ lórí pẹpẹ. Àmọ́ tí mo bá ní "omi", omi ló ń gbé bọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ṣáájú èyí, mi ò rántí ìgbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn.

Ẹ wẹ̀yìn. Òun ló jókòó ti ìyá ọkọ mi lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì ké. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ rọra nìyẹn. Ẹ bá mi yọ̀, ògo ni fún Ọlọ́run, àmọ́ ẹ má pàtẹ́wọ́. Ẹ kàn na ọwọ́ yín sókè, kẹ́ ẹ fì í jẹ́jẹ́, kí òun náà lè bá wa yin Olúwa.

Ẹ ṣeun. Ẹ wò ó, ó ti na tiẹ̀.