Ìyá Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Allahu Akbar! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé Ọlọ́hun ga! Allahu Akbar! Ẹ ní sùúrù fún mi o. Ẹ má wo bí ikùn mi yìí ṣe tóbi tó, ẹ gbọ́ ẹ̀rí mi ká tó jẹun.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi lẹ̀ ń pè ní Mállàm. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ṣùgbọ́n Kano ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo dàgbà, ibẹ̀ ni mo ti ka ìwé mẹ́fà tí mo kà. N ò gbé ilẹ̀ Yorùbá rí. Ìlú Yorùbá tí mo kọ́kọ́ gbé láyé mi, Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù yìí ni! Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ rẹ́rìn-ín sí Yorùbá mi lọ́jọ́ tí mo dé.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo rí. Auntie Sìdí tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn ni wọ́n ní kó kọ́ mi. Àwa méjèèjì la jọ ń lọ sọ́dọ̀ ìyá òyìnbó kan tó ń dá gbé ní Thamesmead Moorings, Mama Joan. Àpótí kékeré kan wà lára ògiri ìta ilé rẹ̀, tí èèyàn bá tẹ nọ́ńbà sí i, á rí kọ́kọ́rọ́ mú. Auntie ló máa ń ṣí i, Auntie ló máa ń ṣáájú wọlé. Èmi á tẹ̀lé e, màá máa wo ilẹ̀.

Láàárọ̀ Tuesday kan, ara Auntie ò yá. Wọ́n ní kí n dá lọ. Ẹ̀rù bà mí! Obìnrin kan ṣoṣo nínú ilé! Ní Kano, bí ọkọ tàbí ọmọ ò bá sí nílé, ọkùnrin kì í wọlé tọ obìnrin. Wàá dúró síta, wàá kí sálámù lẹ́ẹ̀mẹta. Bí wọn ò bá dáhùn, wàá máa lọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn.

Mo kan ilẹ̀kùn, mo kí sálámù. Mo tún kí i. Mo kí i lẹ́ẹ̀kẹta. Wọn ò dáhùn. Nọ́ńbà àpótí wà nínú fóònù mi, ẹ̀yin ará, mo sì yí padà. Kódà, ọkàn mi fúyẹ́. Mo ní, "Ọlọ́hun ti yọ mí." Mo wọ bọ́ọ̀sì.

Bọ́ọ̀sì ò tíì rìn jìnnà tí Auntie pè mí.

"Mállàm, ṣé Mama ti jẹun?"

"Auntie, ó jọ pé wọn ò sí nílé."

"Wọn ò sí kí ni? Ìyá tí ò lè dá rìn dé ìdí geeti? Ṣé ó fò ni? Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Ẹ sáré padà kíá!"

Mo sáré bí ewúrẹ́ tó já okùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣi nọ́ńbà yẹn tẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, ilẹ̀ kíṣìnì ni mo bá Mama. Láti ìdájí ló ti ṣubú. Ara rẹ̀ tutù. Ètè rẹ̀ ti yí àwọ̀ padà. Ó wò mí, ó ní:

"Mo gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Mo ń dá ọ lóhùn."

Lá ìláhà illallahu!

Ní ọsibítù, dókítà sọ lójú mi pé, "Egungun ìbàdí ti kán, òtútù sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i ni, òkú là bá gbé." Ọmọbìnrin Mama yíjú sí mi: "O wá, o sì tún lọ?"

Iléeṣẹ́ wa ní kí n jókòó sílé títí wọ́n á fi pè mí. Ìyàwó mi wà ní Kano nígbà náà. Bí n ò bá níṣẹ́ lọ́wọ́, kò sí físà fún un, a sì ti ń retí ara wa fún ọdún mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, Alhaji Múfú, pè mí jókòó.

"Sọ pé àpótí yẹn há. Ta ló máa mọ̀? Ọ̀rọ̀ Kano ò lè yé òyìnbó."

Mo gbà. Ẹ forí jì mí. Mo dúró níwájú díńgí, mo ń há irọ́ yẹn sórí bí ọmọ iléèwé.

Ọjọ́ tí iléeṣẹ́ pè mí pé kí n wá ṣàlàyé pé. Ọ̀gá wa obìnrin ní, "Kí ló dé tí o ò wọlé?" Irọ́ ti dé orí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n ohùn Mama ni mo ń gbọ́. Mo ní, "Mà, àpótí yẹn ò há. Ẹ̀rù ló bà mí." Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "O ò bi ẹnikẹ́ni?"

"N ò bi ẹnikẹ́ni, mà."

"Àwa náà ò bi ọ́ bóyá wàá lè dá wọlé. A kàn rán ọ lọ."

Alihamdulilahi! Wọn ò lé mi. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́, wọ́n dá mi padà sẹ́yìn Auntie. Ìyàwó mi ti dé, òun lẹ kí láàárọ̀ yìí. Ọpẹ́ ni! Ọpẹ́ ni f'Ọlọ́hun!

Ṣùgbọ́n Mama Joan ò rìn mọ́. Wọ́n ti ti ilé rẹ̀ pa, ilé àwọn arúgbó kan ní Shooters Hill ló wà báyìí. Mo máa ń lọ kí i. Lọ́jọ́ mìíràn á di ọwọ́ mi mú. Lọ́jọ́ mìíràn kò ní mọ̀ mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ibi yòówù kẹ́ ẹ ti wá, tí ọ̀ràn bá dojú rú, ẹ má sọ̀rètí nù, ẹ má sì purọ́. Ẹ béèrè. Ìtìjú ìbéèrè ò ju ọjọ́ kan lọ. Àìbéèrè tèmi, ìyá kan ló ń jìyà rẹ̀ lórí ibùsùn. N ò jàre o. Àánú ni mo rí gbà. Ká tó jẹun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ́wọ́, ẹ bá mi ṣe àdúà fún un.