Owó Tí Kò Lórí Èèyàn

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi, òkìríkà ni mò ń tà l'Ọ́jà Ọba, aṣọ àlòkù òyìnbó. Èmi àti Ìyá Bùnmi ará Ìjan la jọ ń ra béèlì. Kò sẹ́ni tó lè dá a rà nínú wa. Tá a bá tú u sílẹ̀, á mú ọ̀kan, èmi náà á mú ọ̀kan, títí á fi tán. Aṣọ tó bá kàn ẹ́, tìẹ ni, àti ohun tó wà lápò ẹ̀. Òfin wa nìyẹn. Kò sí ìwé, kò sí lọ́yà.

Ẹ gbọ́. Lọ́jọ́ kan, kóòtù dúdú kan bọ́ sọ́wọ́ Ìyá Bùnmi. Èmi sì ní oníbàárà tó ń wá kóòtù. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi búláòsì méjì pààrọ̀ ẹ̀. Ó gbà. Bí mo ṣe ń gbọn kóòtù báyìí... owó jábọ́ lápò inú.

Irú owó wo rèé? Náírà wa, orí àwọn bàbá ńlá ló wà lára ẹ̀. Eléyìí ò lórí èèyàn kankan. Òòrùn ni, àti àwọn ìràwọ̀ roboto tó yí i ká. Ẹ yí i padà, àwòrán ilẹ̀ kan ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Kì í ṣe bébà, rọ́bà ni. Náírà onírọ́bà ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn o. Ibì kan lára ẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì. Mo gbé e sójú, mo rí Ìyá Bùnmi ní òdìkejì, ó ń wò mí.

Ó ní, "Ìyá Ṣẹ́gun, kóòtù ni mo fún ẹ. Mi ò fún ẹ lápò."

Mo ní, "Ta ló ń ta kóòtù yọ àpò sílẹ̀?"

Aládùúrà ni Ìyá Bùnmi. Ó ní wọ́n ti ríran sí òun ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀, òòrùn rèé, kí ló tún kù? Mo ní kí ló dé tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ fi gba àpò tèmi wọlé. Ẹgbàá ni wọ́n kọ sára owó yẹn. Lọ́kàn mi, mo ti fi kan páànù sórí ilé.

Bá ò ṣe kí ara wa mọ́ nìyẹn. Béèlì tuntun wá dé. Oníbéèlì ní tí a ò bá wá gbé e lọ́la, òun á gbé e fún ẹlòmíì. Èmi nìkan, kò tó. Òun nìkan, kò tó. Ibi tí òwò wa fẹ́ kú sí nìyẹn.

La bá gbé owó náà lọ bá ọmọ tíṣà kan ládùúgbò wa, tó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Ròmáníà. Bó ṣe rí i, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní owó ibẹ̀ ni. Ó ní ọdún tí òṣùpá bo òòrùn lójú, tí ọ̀sán dòru lórí ìlú wọn, ni wọ́n ṣe é fún ìrántí. Ó fi ọ̀nà tí òkùnkùn yẹn gbà kọjá hàn wá lórí àwòrán ilẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀. Nígbà tó yá, ọjà wọ́n, òdo kún orí owó, ìjọba gé òdo mẹ́rin kúrò, wọ́n kó irú eléyìí kúrò nílẹ̀.

Mo ní, "Dókítà, tí wọ́n bá gé òdo mẹ́rin kúrò lórí ẹgbàá, kí ló kù?"

Ó ní, "Màmá, kò ku ohun tó lè ra ẹ̀pà."

A jáde. Ìyá Bùnmi ní, "Máa mú owó ẹ lọ, Ìyá Ṣẹ́gun. Àpò wà lára kóòtù."

Mo ní, "Rárá o. Ìmọ́lẹ̀ ẹ ni."

À ń tì í síra wa, à ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọlọ́kadà ń wò wá. Ọjọ́ yẹn náà la lọ gbé béèlì. Ìyá Bùnmi ló ní kí ẹni tówó yẹn bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ máa kọ́kọ́ mú aṣọ, tó bá di béèlì mìíì, kó gbé e fún ẹnìkejì. Ìlú tó ṣe é ti kọ̀ ọ́, àmọ́ ó ṣiṣẹ́ fún wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òógùn, òjò, kò ya.

Ìyá Bùnmi ti lọ... Lẹ́yìn ìsìnkú, Bùnmi wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé owó náà fún mi. Ó ní, "Màmá mi ní kí n sọ fún yín pé ẹ̀yin lẹ kàn."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi fóònù fowó ránṣẹ́ lónìí, kí lẹ máa gbé fún ara yín? Ẹ máa ná ọjà o. Ẹ má sáà ta ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ná an.

Òun rèé. Ẹ gbé e sójú, ẹ wo òdìkejì. Mi ò tíì tú béèlì kankan láti ọjọ́ náà, torí náà, èmi ló ṣì kàn. Kí Ìyá Bùnmi ní sùúrù.