Ọmọ Ọlọ Lẹ́yìn Àbẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ìjókòó o! Ọpẹ́ kún ẹnu mi débi pé bí n kò bá tètè sọ ọ́, yóò bú jáde fúnra rẹ̀. Ọlọ́run tóbi!

Ẹ mọ̀ mí, èmi ni tíṣà kíláàsì kìíní. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí gbogbo ọmọ wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, kíláàsì mi kún bí ọjà. Àbẹ̀kẹ́ wà nínú wọn, ọmọbìnrin láti Ìrẹsà tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Háà! Bí agogo bá ti dún, tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké a-bí-dí, Àbẹ̀kẹ́ á fọwọ́ di etí, á figbe ta, á fi síléètì na ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Ẹgba ò ràn án. Àwọn kan ní ẹlẹ́gbẹ́ ọ̀run ni. Hẹ́dìmásítà wá ní bí ìsípẹ́kítọ̀ tó ń yẹ ilé ìwé wò bá ti Ọ̀yọ́ dé lọ́jọ́ Ajé, tó bá ọmọ yìí lẹ́nu igbe, ilé ni yóò lọ, kò ní padà mọ́. Mo sunkún! Ọmọ náà gbọ́n, ẹ̀yin ará. Ó mọ lẹ́tà rẹ̀ ju àwọn tó ń dákẹ́ lọ.

Mo gbààwẹ̀, mo gbàdúrà. Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ kí ìyá àgbà. Mo bá Àbẹ̀kẹ́ lẹ́yìnkùlé, ó pọn ọmọ ọlọ, òkúta gidi, ó fi ọ̀já dì í pinpin. Àwọn obìnrin ń gúnyán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, odó ń dún gbì gbì, kò tiẹ̀ mira!

“Ìyá, ẹ ò ní kó sọ òkúta yẹn kalẹ̀?”

“Tíṣà ọmọ mi, fi í sílẹ̀ jàre. Bó bá ti pọ̀n ọ́n báyìí, ara rẹ̀ á balẹ̀.”

Ará, orí mi wú! Mo ní, Olúwa, ìdáhùn rẹ nìyí.

Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé ọmọ ọlọ rẹ̀ wá, mo sì fọwọ́ ara mi dì í mọ́ ọn lẹ́yìn ní kíláàsì. Hẹ́dìmásítà ń fojú bi mí léèrè. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ìsípẹ́kítọ̀ wọlé, agogo dún, àwọn ọmọ hó, “Gudu mọ́nì, sà!” Àbẹ̀kẹ́ ò ké! Ó ń mi ara jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ìsípẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

“Kí lo pọ̀n yìí?”

“Ọmọ mi ni, sà. Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ó ń sùn.”

Ha! Ìsípẹ́kítọ̀ ńlá fohùn sílẹ̀, ó gbọ́ ìwé kíkà rẹ̀ láti A dé òpin, ó sì yọ́ ẹsẹ̀ jáde. Hẹ́dìmásítà náà yọ́ tẹ̀ lé e!

Láti ọjọ́ yẹn, Àbẹ̀kẹ́ ń jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì, òun àti ọmọ rẹ̀. Ilé ìwé kò lé e mọ́. Gbogbo ògo, ti Ọlọ́run ni! Ẹ dìde, ẹ bá mi jó o! Ṣùgbọ́n ẹ rọra jó, ará, kí á má jí ọmọ Àbẹ̀kẹ́.