Bisikíìtì Tí Mo Sọ Sápò

Ẹ̀yin tí ẹ dúró níwájú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù mi, tí ẹ ń wá fìlà tí ẹ ò rí, ẹ má wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Mo ti kó gbogbo fìlà kúrò níbẹ̀, ìwé yìí ni mo lẹ̀ mọ́ gíláàsì dípò wọn. Òótọ́ kan ti há mi lọ́fun láti ìgbà tí ìdí mi ṣì ń gba inú àga, òpópónà Spalenberg yìí náà ni mo sì fẹ́ bì í sí, níbi tí mo ti gbé e mì. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ ṣí agboòrùn yín. Ẹ̀gbin tí mo fẹ́ kó síta kò ní tán kíá.

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ ọ́, ẹ má rò pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹni mímọ́ ni. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ẹgbẹ́ òpópónà wa ṣèpàdé, wọ́n ń wá ẹni tí yóò gba ṣọ́ọ̀bù igun yìí lẹ́yìn mi, torí pé orúnkún mi ti kọ òkè gígùn. Salome Imhof wá tọrọ rẹ̀. Ọmọ ọmọ Bertha ni, Bertha tó ń ṣe bisikíìtì oyin níbí nígbà kan rí. Ọmọ náà gbé àwo bisikíìtì dání, ó sì sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n tọ́. Bó ti jáde ni Thommen, alága wa, rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n, ó ní: "Imhof kẹ̀? Àwọn eléku yẹn?" Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà kan tiẹ̀ ń dún bí eku. Bẹ́ẹ̀, Thommen ò tíì dáyé nígbà tí ọ̀rọ̀ eku náà bẹ̀rẹ̀. Ó jogún ẹ̀ lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ bí ẹni jogún aago ni. Wọ́n ní àwọn yóò kúkú gbé ṣọ́ọ̀bù náà fún àwọn tó ń ta fóònù. Ni wọ́n bá yíjú sí mi, wọ́n ní èmi ni ọlọ́jà olóòótọ́ tó ṣẹ́kù, àwọn yóò fún mi ní òdòdó; wọ́n ní àwọn ilé ìtajà ńlá láti òkèèrè ló pa òpópónà wa. Díẹ̀ ló kù kí n fi ọ̀pá mi la tábìlì. Òkèèrè wo? Èmi Dorli Gysin ni mo pa ṣọ́ọ̀bù tó dára jù níbí, àwọn bàbá yín ló sì bá mi gbẹ́ sàréè ẹ̀.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti Bertha. Tó bá ṣí ààrò, òórùn oyin á fa èrò gun òkè wá, wọ́n á ra bisikíìtì, wọ́n á sì yà ra fìlà lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí n máa kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Ìgbà náà ni ṣọ́ọ̀bù igun yìí ṣófo. Bàbá Zeugin tó ni ilé nígbà náà sọ pé lẹ́yìn ọdún ìbòjú lòun yóò yan ẹni tí yóò gbà á, gbogbo ayé sì mọ̀ pé Bertha ni. Èmi náà mọ̀. Ìlara ṣe mí bí ìgbẹ́ gbuuru: mi ò lè jókòó, mi ò lè dúró.

Ẹ mọ òfin ọdún náà, tí a ń bojú kọrin yẹ̀yẹ́ kiri ilé ọtí. Ohun tí oníbòjú bá kọ lórin, a kì í bínú sí i, a kì í bi í pé ta ni ọ́, a kì í ká ìbòjú lójú ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà ní ìdajì kejì tí ìyá mi fi kọ́ mi: oníbòjú kì í kọrin irọ́. Ìdajì yẹn ni mo tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní kí Ruedi ọkọ mi ya eku ńlá kan tó wọ épírọ́ọ̀nù Bertha, tó ń po ìyẹ̀fun. Ruedi wò mí títí, ó ní, "Dorli, eku wo? Ilé Bertha mọ́ ju tiwa lọ." Mo bi í pé ṣé Bertha ló fẹ́ ni àbí èmi. Ó ya á. Títí ó fi kú, kò fẹnu kan bisikíìtì mọ́.

Mo múra bí ìyá arúgbó: ìbòjú onímú gígùn lójú, ìrọ̀rí nídìí. Ìgbà yẹn mo nílò ìrọ̀rí. A wọ ilé ọtí tó kún fọ́fọ́. Bàbá Zeugin jókòó lẹ́bàá iná. Bertha náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ bisikíìtì tó máa ń pín fún àwọn oníbòjú lọ́dọọdún. Mo fi ohùn ewúrẹ́ kọ orin eku mi, Ruedi gbé àwòrán sókè, ilé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ ẹ̀rín mi, bí ìgbà tí ajá ń lé pẹ́pẹ́yẹ. Bertha dìde. Kò bínú. Ó mú bisikíìtì kan, ó nà án sí mi.

"Ẹ gbà, ìyá àgbà," ló wí. "Ẹ jẹ ẹ́ lójú gbogbo wọn. Tí ẹ bá rí irun eku kan níbẹ̀, lọ́la ni màá ti ilẹ̀kùn mi."

Ìbòjú mi ò lẹ́nu. Kí n tó lè jẹun, àfi kí n ká a sókè kí ojú mi hàn. Mo gba bisikíìtì náà, mo gbé e dé imú, mo gbọn ara bí ẹni tó gbóòórùn òkú eku, mo sì sọ ọ́ sápò. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Arúgbó gan-an ò lè jẹ ẹ́." Ibẹ̀ ni mo ti pa ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Orin eré lásán ni wọn ì bá gbàgbé kó tó dọdún kejì. Bisikíìtì tí mi ò jẹ yẹn ni wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Láti ìgbà náà, àwọn ọmọdé ń dún bí eku níwájú ilé ẹ̀. Àwọn oníbàárà ẹ̀ ń gba òdìkejì kọjá. Bàbá Zeugin gbé igun fún mi. Nígbà tí Bertha kó ẹrù ẹ̀, ó wá dágbére fún mi, ó ní òun ń lọ sí ìlú Olten lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun, kí n bá òun tọ́jú igun náà. Mo dì mọ́ ọn, mo tún sunkún. Ẹ wo ojú tí kò mọ ìtìjú!

Lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ Ẹtì yẹn, mo yí gbirigbiri bí àgbá tọ Salome lọ sísàlẹ̀ òkè, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ fún un. Ọmọ náà ò pariwo. Ó ní, "Màmá, a ti mọ̀ tipẹ́. Ẹ̀rín yín ni ìyá àgbà mi fi dá yín mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní bisikíìtì yẹn, ilẹ̀kùn làwọn fi ń ṣí fún yín. Ká ní ẹ ká ìbòjú, tí ẹ jẹ ẹ́, gbogbo ayé ì bá sọ pé ọ̀rẹ́ méjì ló ń ṣeré."

Mi ò tíì sùn dáadáa látìgbà náà.

Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Ẹni tí ìdáríjì wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni igun yìí. Ẹ gbé e fún Salome. Òdòdó yín, ẹ gbé e lọ sí sàréè Bertha, kí Thommen ṣáájú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi orúkọ tí kì í ṣe tiyín bú ènìyàn lórí fóònù, ẹ gbọ́ tèmi: ohun tí ẹ ò bá lè fi ojú lásán jẹ, ẹ má fi ìbòjú sọ ọ́.

Ó ku ohun kan. Salome bu bisikíìtì díẹ̀ fún mi. Ó le bí òkúta, eyín ẹnu mi kì í sì í ṣe tèmi, nítorí náà màá pẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ gbójú kúrò lára ìwé yìí, kí ẹ wo inú. Èmi náà ni mo jókòó lẹ́yìn gíláàsì yẹn, láìsí nǹkan kan lójú mi, tí mo ń jẹ ẹ́.