Àmín Ẹni Tó Rí I

Alága wa, Daddy Adégbóyè, Wòlíì wa, ẹ̀yin ìyá àti bàbá nínú Olúwa, ẹ̀yin dírẹ́bà ẹgbẹ́ mi láti garéèjì, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Àbẹ̀bí yín ti fẹ̀yìn tì, mo ti sọ̀kalẹ̀ nínú báàsì wọn lónìí. Ẹ̀yin lẹ bá mi gba shift nígbà tí ara mi ò yá, ẹ̀yin lẹ bá mi sìnkú ọkọ mi. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mi ò sì ní fi ẹ̀rín bò ó.

Ṣebí gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Powis Street, ní ìlú òyìnbó níbí? Àwọn òyìnbó tó ní kí àwa àlejò máa padà sílẹ̀ wa kóra jọ, wọ́n pariwo títí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù. Ṣíjúadé, dírẹ́bà bíi tèmi, sọ̀kalẹ̀ kó lè ran ìyá arúgbó kan lọ́wọ́ wọ báàsì. Ìyá òyìnbó ni o! Wọ́n ju ìgò bà á lójú. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ò ríran mọ́ títí dòní. Òun ló jókòó yẹn.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yin tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ tò síwájú pẹpẹ níbí, ẹ gba máìkì, ẹ jẹ́rìí. "Ojú mi báyìí ló ṣe! Mo rí ẹni tó ju ìgò náà, Ọlọ́run ló yọ mí!" A kí yín kú ewu, a jó. Nígbà tí ọlọ́pàá wá ń wá ẹlẹ́rìí ńkọ́? "Auntie, mi ò rí nǹkan kan o." "Ẹ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Hà! Ṣé Ọlọ́run nìkan lẹ lè jẹ́rìí fún ni? Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Báàsì tèmi wà lẹ́yìn tiẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni mo rí, mi ò rí ọwọ́ tó ju ìgò. Ẹ̀yin lẹ rí i! Bí a ò bá rí ẹlẹ́rìí lọ́sẹ̀ yìí, ẹjọ́ náà ò ní dé kọ́ọ̀tù.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín. Ó ń ba èmi náà. Mọ́wùnmí ọmọ mi ní, "Mummy, leave it, ẹ ti retire." Iṣẹ́ ni mo fi sílẹ̀, mi ò fi Ṣíjúadé sílẹ̀. Láàárọ̀ ọ̀la, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Olúwa yóò ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín. Ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá kàn yín, ẹ ó rí ẹni dúró tì yín.

Ẹ dúró ná! Ẹni tó bá máa bá wa lọ lọ́la nìkan ni kó ṣe àmín.

Ìyá Tamílọ́rẹ, mo gbọ́ àmín tiyín. Ẹ ṣé o. Ẹ̀yin yòókù, mi ò tíì jókòó.