Ẹni Mẹ́ta Tí Epo Wọn Ò Tó Dé Ilé

[Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Miriam ló pè, láti etí omi ní Òde-Omi. Àbúrò rẹ̀, Ayọ̀olúwa, ló gbé e ní yàrá rẹ̀ ní Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó. Másítà ló ń kà ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, ṣùgbọ́n ohun tó wà níwájú rẹ̀ lásìkò yìí ò jẹ mọ́ másítà rárá. Fáànù ń kùn lọ́dọ̀ tiẹ̀. Atẹ́gùn ń lu fóònù lọ́dọ̀ Miriam.]

MIRIAM: Ó gbé e! Ayọ̀! Ṣé o gbọ́ mi?

AYỌ̀: Ẹ káàsán mà, Àńtí Miriam. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mama ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, màá pè yín padà láìpẹ́—

MIRIAM: Níbo lo wà?

AYỌ̀: Ilé ni mo wà.

MIRIAM: Ilé wo?

AYỌ̀: Yàrá mi, Òkè-Àgbò. Àńtí, just give me small time—

[Ewúrẹ́ kan ké lójú fèrèsé.]

MIRIAM: Kí ló ké yẹn?

AYỌ̀: Ewúrẹ́ ni.

MIRIAM: Ewúrẹ́. Kì í ṣe ràkúnmí?

AYỌ̀: Rà— kí ni ràkúnmí ń wá l'Ókè-Àgbò? Ewúrẹ́ ìyá onílé ni. Ó ń jẹ ṣòkòtò mi lórí okùn.

MIRIAM: Gbé fóònù fún ìyá onílé.

AYỌ̀: Wọ́n lọ ọjà Ojówò. Àńtí, kí ló ṣẹlẹ̀?

MIRIAM: Kò sí nǹkan kan. Mo kàn ń kí ẹ ni.

AYỌ̀: Ẹ ṣé mà. Ó dàbọ̀ nígbà yẹn—

MIRIAM: Ṣé o ti di ẹrù ẹ tán?

AYỌ̀: Ẹrù wo?

MIRIAM: Ayọ̀, ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo bi ọ́ ní ìbéèrè.

[Kọ̀ǹpútà ń dún kíkankíkan lọ́dọ̀ Ayọ̀.]

AYỌ̀: Yéè! Ọ̀nà ilé ti ṣí! Ẹ dúró, ẹ dúró. Bí mi ò bá tan ẹ́ńjìnnì báyìí, ó máa tún pa dé mọ́ wọn lójú—

MIRIAM: Mọ́ àwọn wo?

AYỌ̀: Àwọn mẹ́ta yẹn.

[Atẹ́gùn nìkan.]

AYỌ̀: Àńtí? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MIRIAM: Jésù ọmọ Màríà. Òótọ́ ni Ìyá Ọmọ́títí sọ.

AYỌ̀: Kí ni Ìyá Ọmọ́títí sọ?

MIRIAM: Ṣebí ìjọ kan náà lẹ jọ ń lọ. Ó ní lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí wòlíì ní kí ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀ sọ ọ́ síta, ìwọ lo kọ́kọ́ dìde. O ní kí wọ́n bá ẹ gbàdúrà fún àwọn mẹ́ta kan tó re àjò. O ní wọ́n ti kọjá ibi méjì, wọ́n ti dé ibi kẹta, epo tó kù ò lè gbé wọn délé. O sọ ọ́ àbí o ò sọ ọ́?

AYỌ̀: Mo... mo sọ ọ́.

MIRIAM: Ó sọ ọ́!

AYỌ̀: Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ẹ ṣe—

MIRIAM: Ta ni ò mọ̀ pé béèyàn bá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní "ẹ bá mi gbàdúrà fún ẹnì kan," ara ẹ̀ ló ń sọ? Èmi tí mò ń wá ọkọ ńjọ́sí, "ọ̀rẹ́ mi kan" ni mo ń gbàdúrà fún lódidi ọdún. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé kò sí ọ̀rẹ́ kankan níbì kan! Ọkọ dé, èmi náà ni mo wá jẹ́rìí!

AYỌ̀: Àńtí—

MIRIAM: Wòlíì alára rí ẹ nínú ìran! O gbé báàgì dúdú kọ́ èjìká. Iyanrìn níwájú ẹ, iyanrìn lẹ́yìn ẹ—

AYỌ̀: Báàgì láptọ́ọ̀pù mi ni! Ó wà léjìká mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì! Iyanrìn yẹn ńkọ́, wọ́n fẹ́ fi kọ́ ilé wòlíì ni, òun alára ló ní kí wọ́n dà á síbẹ̀!

MIRIAM: Má lọ, Ayọ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Ṣé Líbíyà ni àbí Mòrókò?

AYỌ̀: Júpítà ni.

MIRIAM: [ohùn rẹ̀ ń gé] Ju... kí ni? Ṣé ó kọjá Agadez?

AYỌ̀: Ó kọjá Agadez dáadáa.

MIRIAM: Mò ń sunkún, o ń rẹ́rìn-ín!

AYỌ̀: Ẹ má bínú. Àńtí, géèmù ni. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Gé-è-mù. Orí kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ tó ń lọ sójú ọ̀run. Àwọn mẹ́ta yẹn, inú láptọ́ọ̀pù ni wọ́n wà.

[Ewúrẹ́ tún ké. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè.]

MIRIAM: Tún un sọ.

AYỌ̀: Èmi àti Waris, ọ̀rẹ́ mi ní dẹ́páátímẹ́ǹtì, la jọ ń pète ẹ̀ láti ìgbà ìyanṣẹ́lódì. Wọ́n á gbéra láyé, wọ́n á gba ti Fẹ́nọ́ọ̀sì kọjá kí ó lè jù wọ́n síwájú, wọ́n á dé Máàsì, wọ́n á kó òkúta díẹ̀, láti ibẹ̀ wọ́n á dé ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá Júpítà, wọ́n á sì padà wálé. Kò sí ẹni tó ṣe irú ẹ̀ rí ní dẹ́páátímẹ́ǹtì wa.

MIRIAM: Ẹ̀kọ́ kí ni wọ́n ń kọ́ yín ní dẹ́páátímẹ́ǹtì yẹn?

AYỌ̀: Sociology.

MIRIAM: Olúwa ṣàánú.

AYỌ̀: Mo mọ̀, àńtí. Ẹ máa bú mi, ó tọ́ sí mi. Supervisor ń wá mi káàkiri Àgọ́-Ìwòyè bí ẹni tí adìẹ ẹ̀ sọnù. Chapter Three mi ò kúrò lójú kan. Èmi tí mi ò lè ṣírò epo tí ọ̀kadà máa jẹ láti ibí dé Àgọ́-Ìwòyè kó pé, èmi ni mo jókòó tí mò ń ṣírò epo Júpítà.

MIRIAM: Epo náà ò sì tó.

AYỌ̀: Kò tó.

MIRIAM: Kí ló fà á?

AYỌ̀: [ó wú ikọ́] Ẹrù ni.

MIRIAM: Ẹrù kí ni?

AYỌ̀: Mo so àpótí ńlá kan mọ́ ìdí ọkọ̀ yẹn. Òfìfo ni. Waris bi mí pé kí ni fún, mo ní ẹ̀bùn àjò ni wọ́n máa kó sínú ẹ̀. Mo ní níbi tí wọ́n ti bí mi, èèyàn kì í ti àjò bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Àpótí yẹn ló jẹ epo láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún wá dé Máàsì, mo ní kí wọ́n kó òkúta kún un.

[Miriam bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á.]

MIRIAM: Òkúta! Ẹ̀bùn àjò! Ta ló fẹ́ jẹ òkúta?

AYỌ̀: Mo ti já a dànù, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Báyìí, adìẹ bà lókùn ni: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

MIRIAM: Kí odindi ìjọ Ọlọ́run máa tan àbẹ́là fún ọmọláńgidi! Kí Mama máa gbààwẹ̀ gbígbẹ fún—

AYỌ̀: Mama ń ṣe kí ni?

[Ẹ̀rín Miriam dúró.]

MIRIAM: Ohun tí mo fi pè ẹ́ nìyẹn. Kò jẹun láti àná. Kò fi omi kan ẹnu. Kò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀. Ó wọ sùtánà, ó wà létí omi lórí iyanrìn látàárọ̀, ó ní ààwẹ̀ òun ò ní já àfi tó bá dá òun lójú pé o ò lọ. Ó ní ọ̀kan ti lọ, èkejì ò ní lọ. Nígbà tó dìde lẹ́ẹ̀kan, òòyì fẹ́ gbé e ṣubú. Ẹ̀rù ń bà mí, Ayọ̀.

AYỌ̀: Kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ? Ẹ wá ń bi mí ní ìbéèrè ràkúnmí!

MIRIAM: Mo fẹ́ mọ ibi tó o wà ná! Tó bá ṣe pé aṣálẹ̀ lo wà, kí n wá lọ sọ fún un?

AYỌ̀: Ẹ lọ bá a báyìí. Ẹ sáré. Mo ti dá eré náà dúró.

MIRIAM: Ó ṣeé dá dúró? Látàárọ̀ tó o ti ń pariwo mọ́ mi létí, ó ṣeé dá dúró?

AYỌ̀: Àńtí, ẹ jọ̀ọ́!

[Ẹsẹ̀ Miriam lórí iyanrìn. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kan ń kọjá.]

MIRIAM: Mò ń lọ. Ṣé o gbọ́ mi? Sọ orúkọ àwọn èèyàn inú géèmù yẹn fún mi, kí n fi pa á lẹ́rìn-ín kí ara ẹ̀ tó balẹ̀.

AYỌ̀: Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ. Ẹ kàn sọ pé géèmù ni.

MIRIAM: Kí ni wọ́n ń jẹ́?

AYỌ̀: Ọ̀kan ń jẹ́... Miriam.

MIRIAM: Èmi!

AYỌ̀: Ẹ̀yin lẹ ń mójú tó ẹ́ńjìnnì.

MIRIAM: Èmi tí mi ò lè tan jẹnẹrétọ̀? Abájọ tí epo fi tán! Èkejì ńkọ́?

AYỌ̀: Mama. Àwọn ni captain.

MIRIAM: Ìyẹn dáa, bí a bá yan ẹlòmíì, kò ní gbà. Ẹ̀kẹta?

[Fáànù ń kùn.]

MIRIAM: Ayọ̀? Ṣé o gbọ́ mi? Ẹ̀kẹta?

AYỌ̀: Bùrọ̀dá Gbémiga.

[Ẹsẹ̀ Miriam dúró lórí iyanrìn.]

MIRIAM: O mọ̀ pé Mama kì í jẹ́ ká dárúkọ yẹn.

AYỌ̀: Mo mọ̀.

MIRIAM: Láti ọjọ́ tó ti pè wá láti Agadez, ní Niger, tó ní ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́ àwọn máa wọ aṣálẹ̀. A ò gbọ́ ohùn ẹ̀ mọ́. A ò rí òkú ẹ̀, a ò sì rí ààyè ẹ̀.

AYỌ̀: Mo mọ̀, àńtí. Èmi náà wà níbẹ̀.

MIRIAM: Kí lo wá fi í sínú eré fún?

AYỌ̀: Mi ò mọ̀. Géèmù ní kí n sọ àwọn awakọ̀ lórúkọ, ọwọ́ mi kàn tẹ̀ ẹ́. Bùrọ̀dá ni mo sọ̀ kalẹ̀ sórí òṣùpá yẹn pé kí wọ́n lọ kó yẹ̀pẹ̀ wá. Ẹ̀yin àti Mama wà lókè, ẹ̀ ń dúró dè wọ́n. Mo wá ṣírò epo, mo rí i pé bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì á délé. Waris ní "Guy, leave am, na ordinary game." Òótọ́ ló sọ. Mo gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì. Ọwọ́ mi ò tẹ̀ ẹ́.

MIRIAM: Ayọ̀...

AYỌ̀: Ojú ń tì mí. Àgbàlagbà tó yẹ kó ti máa bí ọmọ, mo jókòó, mò ń da omi lójú sórí kíbọ́ọ̀dù nítorí ọmọláńgidi. Nígbà tí wòlíì wá ní kí ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀ dìde, ẹsẹ̀ mi ló dìde. Kì í ṣe èmi. Mo ti sọ̀rọ̀ tán kí n tó rántí pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà.

[Miriam fọn imú. Ẹsẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán, ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí ohùn tún dé, ohùn àgbà obìnrin ni, ó ti gbẹ.]

MAMA: Ayọ̀. Ṣé wo gbọ́ mi?

AYỌ̀: Mo gbọ́ yín, Mama. Ẹ forí jì mí. Mi ò lọ ibì kankan. Òkè-Àgbò ni mo wà.

MAMA: Ṣé wo ti jẹun?

AYỌ̀: Mama, ẹ̀yin lẹ ò tíì jẹun!

MAMA: Miriam ní eré ni.

AYỌ̀: Eré ni, mà. Eré òmùgọ̀.

MAMA: Ó ní Gbémiga wà ńbẹ̀.

[Ayọ̀ dá fáànù dúró kí ó lè gbọ́ dáadáa. Kò sí ìdí mìíràn, bí ẹ bá bi í léèrè.]

AYỌ̀: Wọ́n wà ńbẹ̀, Mama.

MAMA: Ara rẹ̀ yá?

AYỌ̀: Ara wọn yá.

MAMA: Ó ń rí oúnjẹ jẹ?

AYỌ̀: Ebi kì í pa wọ́n nínú eré yẹn.

MAMA: Ìyẹn dáa. Òùngbẹ ńkọ́?

AYỌ̀: Kì í gbẹ wọ́n, mà.

MAMA: Mo dúpẹ́. Èmi ńkọ́? Níbo lo fi mí sí?

AYỌ̀: Ẹ wà lókè. Ẹ̀ ń yí po lórí ibi tí wọ́n wà. Bí ẹ bá yí dé, ẹ ó rí ọkọ̀ wọn nísàlẹ̀, ẹ ó tún kọjá.

MAMA: Mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ lọ mú un?

AYỌ̀: Epo ò ní tó gbé yín gòkè mọ́.

MAMA: Bí mo bá wá sílé láìmú un dání ńkọ́?

AYỌ̀: [ohùn rẹ̀ ń gé] Epo á tó. Á tiẹ̀ ṣẹ́ kù.

MAMA: Mi ò wá.

AYỌ̀: Mama—

MAMA: Mo ní mi ò wá. Fi mí síbẹ̀. Jẹ́ kí n máa yí po lórí ọmọ mi. Kí lo rò pé mò ń ṣe létí omi yìí láti ọdún tí Gbémiga ti lọ? Ṣùgbọ́n wá ọ̀nà kí Miriam máa lọ sílé. Ó lọ́mọ.

MIRIAM: [lọ́ọ̀ọ́kán] Mama, eré ni o!

MAMA: Eré náà ni mò ń bá a sọ. Ayọ̀, ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dárúkọ rẹ̀ sí mi létí. Dédé yín, àtìwọ àti Miriam, lẹ̀rù ẹkún mi ń bà. Èmi náà, ẹ̀rù tiyín ń bà mí. A wá jókòó, a ń wo ara wa.

AYỌ̀: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun, Mama.

MAMA: Màá jẹun. Miriam, bu omi wá. Gbé ẹ̀kọ yẹn náà wá, àti oògùn mi.

[Abọ́ ń dún. Ẹnì kan mu omi, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ohùn ń lọ, ó ń bọ̀.]

MAMA: Ayọ̀, ṣé wo ṣì wà ńbẹ̀?

AYỌ̀: Mo wà, Mama.

MAMA: Ṣé èèyàn lè bá a sọ̀rọ̀ nínú eré rẹ yìí?

[Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn. Ayọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.]

AYỌ̀: Mo lè kọ ọ̀rọ̀ sára ọkọ̀ wọn. Ohunkóhun tí ẹ bá ní kí n kọ.

MAMA: Ó dáa. Fara balẹ̀ kọ ọ́. Sọ fún Gbémiga pé èmi ìyá rẹ̀ ní kí ó—

[Fóònù já.]